Páìntì Méje Omi Kọ́sítìkì

Ọjọ́ kẹrin, oṣù kejì

Ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé òtútù ibẹ̀ ò tíì sọ ẹ́ di yìnyín? Àwa wà láàyè, a dúpẹ́. Bàbá rẹ ní kí n kí ẹ. Ó ní iṣẹ́ káfíńtà ò jẹ́ kí òun ráyè kọ̀wé. Bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí, orí àga níta ló wà, ó ń sun oorun ọ̀sán.

Súwẹ́tà tí o fi ránṣẹ́ dé. Ó rẹwà. Orí mi gbà á, apá mi kan gbà á, ibẹ̀ ló parí sí. Èmi tí o fi sílẹ̀ lọ́dún mẹ́fà sẹ́yìn lò ń rántí, ìyá rẹ ti sanra sí i, o. Bàbá rẹ ló ń wọ̀ ọ́ báyìí, kò sì fẹ́ bọ́ ọ.

Ọ̀rọ̀ pàtàkì ló jẹ́ kí n mú bírò. Ilé ìwòsàn ńlá tó wà lẹ́bàá ọ̀nà fẹ́ máa ra ọṣẹ olómi mi, láti ibi tí wọ́n ti ń fọ aṣọ ìbùsùn títí dé ibi tí dókítà ti ń fọwọ́! Ọ̀gá sítọ̀ wọn fúnra rẹ̀ ló wá. Ó wọ inú ṣẹ́ẹ̀dì, ó wo dúrọ́ọ̀mù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó ti ọwọ́ bọ ọṣẹ, ó gbóòórùn rẹ̀, ó mi orí. Ó wá bi mí pé kí ni mo fi ń wọn èèlò. Mo fi kọ́ọ̀bù irin mi hàn án. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Màmá, bí kọ́ọ̀bù yìí bá sọnù ńkọ́, ṣé ọṣẹ náà sọnù nìyẹn?" Ó ní àfi kí n kọ gbogbo èèlò sílẹ̀ ní lítà, kí ọṣẹ oṣù yìí lè bá ti oṣù tó ń bọ̀ dọ́gba. Kí oṣù kẹrin tó parí, wọ́n fẹ́ kẹ́ẹ̀gì méjì tí wọ́n máa fi dán an wò, àti ìwé náà.

Èmi ò sì mọ lítà. Ìyá bàbá rẹ tó kọ́ mi níṣẹ́, gálọ́ọ̀nù àti páìntì lòun náà bá nílé iṣẹ́ ọṣẹ tó ti kọ́ ọ. Bó ṣe wà nínú ìwé rẹ̀ nìyí: omi, gálọ́ọ̀nù mẹ́jọ, òróró, gálọ́ọ̀nù mẹ́ta, omi kọ́sítìkì, páìntì méje. Agolo ńlá tó gba gálọ́ọ̀nù kan ni mo fi ń wọn omi àti òróró. Kọ́ọ̀bù irin yẹn, páìntì kan, ni ti kọ́sítìkì, nítorí ìyẹn máa ń jẹ ara bó bá pọ̀ jù, kò gba eré. Ìwọ tí o ń wọn oògùn ikọ́ sínú ìgò láti àárọ̀ dalẹ́, bá mi sọ ọ́ di lítà.

Jọ̀wọ́, má fi falẹ̀. Orúnkún mi ò gbà kí n máa ru ọṣẹ kiri ojúlé mọ́. Bí ilé ìwòsàn bá gbà á, mo ti bọ́ nìyẹn. Bí wọn ò bá gbà á, ilé iṣẹ́ ńlá kan ti dúró sẹ́nu ọ̀nà wọn pẹ̀lú ọṣẹ tirẹ̀.

Èmi ni ìyá rẹ, ọlọ́ṣẹ.


Ọjọ́ kẹrìndínlógún, oṣù kejì

Màámi ọ̀wọ́n,

Mo kí yín, mo kí Bàámi lórí àga, mo kí orúnkún yín náà. Ẹ jọ̀wọ́ ẹ má bínú nítorí súwẹ́tà. Nígbà míì màá fi ti ọkùnrin ránṣẹ́, ẹ̀yin méjèèjì ẹ ó jọ wọ̀ ọ́.

Ìyá tó bí mi lọ́mọ fẹ́ máa fọ ọwọ́ dókítà! Inú mi dùn débi pé mo sọ ọ́ nílé iṣẹ́, títí kan ọ̀gá wa obìnrin tí kì í rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ó dáa." Lẹ́nu tiẹ̀, ìdùnnú ńlá nìyẹn.

Ó yá, ẹ fọkàn sí i. Gálọ́ọ̀nù kan jẹ́ lítà mẹ́rin àbọ̀ àti díẹ̀ sí i, 4.546 gan-an ni. Páìntì mẹ́jọ ló wà nínú gálọ́ọ̀nù kan. Bí ẹ bá pín lítà kan sí ọ̀nà ẹgbẹ̀rún, 568 nínú rẹ̀ ni páìntì kan. Nítorí náà:

Omi, gálọ́ọ̀nù 8: lítà 36.4
Òróró, gálọ́ọ̀nù 3: lítà 13.6
Omi kọ́sítìkì, páìntì 7: lítà 3.98, ìyẹn mẹ́rin ó dín díẹ̀

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé gálọ́ọ̀nù ò tó lítà mẹ́rin, ẹ má dá a lóhùn. Òun náà ò purọ́, gálọ́ọ̀nù kékeré kan wà tí wọ́n ń lò níbòmíràn. Mo rántí agolo yín dáadáa, wọ́n kọ ọ́ sí i lára pé áúǹsì 160, ìwọ̀n kéékèèké tí gálọ́ọ̀nù pín sí, ló gbà. Ti kékeré yẹn, 128 ni. Ńlá ni tiwa.

Mo ti fi jọ́ọ̀gì oníke kan sínú páálí yìí. Ẹ ó rí ìlà lára rẹ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà pupa. Ẹ máa fi wọn kọ́sítìkì, kí ẹ sì gbé kọ́ọ̀bù àtijọ́ yẹn kọ́ sára ògiri. Ó ti ṣiṣẹ́ tó, kó lọ sinmi. Ìṣirò kì í purọ́, Màámi.

Ọmọ yín ni.


Ọjọ́ kẹfà, oṣù kẹta

Ìyáàfin Ìṣirò,

Mo kí ẹ. Kíkí náà tó bẹ́ẹ̀.

Ọṣẹ tí mo fi nọ́ńbà rẹ sè ń jẹni lọ́wọ́. O mọ̀ pé èmi ni mo máa ń kọ́kọ́ fi ọṣẹ tuntun fọwọ́ kí n tó fi fún ẹnikẹ́ni. Kò pẹ́ tí ìka mi bẹ̀rẹ̀ sí ta mí. Mo ní bóyá ara mi ni. Bàbá rẹ ní kí n gbé e wá, ó ní gbogbo ìgbà ni mo máa ń ṣe àṣejù, òun á fi fọ síńgílẹ́ẹ̀tì. Ọmọ mi, bàbá rẹ tí kì í tètè dìde lórí àga, ó sáré! Ó yí ilé po lẹ́ẹ̀mejì kó tó rí omi tútù. Láti ìjẹta ló ti ń fi òróró pa ọwọ́, tó ń gbé e sókè kí gbogbo ènìyàn lè rí i.

Mo da gbogbo rẹ̀ nù sẹ́yìnkùlé. Koríko tí bàbá rẹ ti ń sọ láti ọdún tó kọjá pé òun máa ro ti kú pátápátá. Ìyẹn nìkan ni èrè tí a jẹ níbẹ̀.

Mo wá mú kọ́ọ̀bù mi, mo se òmíràn bí mo ṣe ń sè é. Ó jáde bó ṣe yẹ. Ó rọ̀, ó ń hó, kò ta ẹnikẹ́ni. Bí mo bá gbé ìyẹn lọ sílé ìwòsàn, wọ́n á ní ìwé lítà dà? Bí mo bá sì gbé ìwé rẹ lọ, ọwọ́ dókítà á bó.

Ta lò ń bá tàkúrọ̀sọ nígbà tí ò ń ṣírò? Ṣé gálọ́ọ̀nù kékeré yẹn lo fi ṣe é ni, àbí èyí tó tóbi ju tiwa lọ tún wà? Mo ní kí o bá mi sọ ẹrù kalẹ̀, o tún gbé òmíràn lé mi lórí. Ọgbọ̀n ọdún ni mo ti ń se ọṣẹ, kò sẹ́ni tó sáré rí. Bóyá oògùn olówó iyebíye tí ò ń fojú rí lójoojúmọ́ ló jẹ́ kí ọṣẹ ìyá rẹ kéré lójú rẹ. Jókòó, kí o tún un ṣe. Oṣù kẹrin ò jìnnà mọ́.

Ìyá rẹ.


Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù kẹta

Màámi,

Mo kúnlẹ̀ kí yín. Ilẹ̀ ibí tutù, ṣùgbọ́n mo kúnlẹ̀. Ẹ bá mi bẹ Bàámi, kí wọ́n sọ ọwọ́ kalẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yín dùn mí. N kò ní fi pa mọ́. Yàrá tí a ti ń pààrọ̀ aṣọ nílé iṣẹ́ ni mo ti ka ìwé yín, mo sì sunkún níbẹ̀ pẹ̀lú fìlà iṣẹ́ lórí. Ọ̀gá wa obìnrin wọlé, ó rò pé ẹnìkan kú. Mo ní rárá o, ọṣẹ ni. Ó jókòó tì mí lórí bẹ́ǹṣì, ó gba ìwé, ó ṣírò rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó ní, "Kò sí àṣìṣe níbí." Ó wá yọ bisikíìtì lápò fún mi. N kò tíì rí irú ẹ̀ rí láti ọdún mẹ́fà.

Màámi, mo ti wò ó títí. Nọ́ńbà tọ́, agolo tọ́, ọṣẹ sì ń jẹni. Ohun kan ṣoṣo ló kù tí a ò tíì yẹ̀ wò, òun náà ni kọ́ọ̀bù. Mo fura pé kò gba odindi páìntì. Bó bá jẹ́ pé ó dín, páìntì méje tiyín á kéré sí páìntì méje tèmi, kọ́sítìkì tí mo ní kí ẹ dà sí i á pọ̀ jù, ọṣẹ á sì jẹni.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bu omi kún un dé ẹnu, ẹ dà á sínú jọ́ọ̀gì oníke, ẹ wo ibi tó dé. Bó bá jẹ́ páìntì, yóò kọjá 550 díẹ̀. Bí ẹ ò bá fọkàn tán jọ́ọ̀gì, ẹ gbé omi náà lọ sórí òṣùwọ̀n oníbúrẹ́dì. Lítà omi kan, kílò kan ni, kì í yẹ̀. Bí kọ́ọ̀bù bá pé, ẹ máa pè mí ní òmùgọ̀ títí ọdún yóò fi parí, màá máa jẹ́ ẹ. Bí kò bá pé, a ti rí ojútùú nìyẹn. Kò gbà ju ìṣẹ́jú méjì lọ.

Ọmọ yín tó ń bẹ̀ yín.


Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n, oṣù kẹta

Ọmọ mi,

Mo ti ka ìwé rẹ.

Ìyá bàbá rẹ ló fi kọ́ọ̀bù yẹn lé mi lọ́wọ́. Ó fi ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì di ọwọ́ mi mọ́ ọn, ó ní kí n máa ṣe bí òun ti ń ṣe. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ sí ìdí rẹ̀ níta pé PÁÌNTÌ KAN, ojú mi ò sì tíì fọ́. Ṣé òkú ọ̀run lo fẹ́ pè ní òpùrọ́? N kò ní wọn kọ́ọ̀bù náà wò. Ẹni tó gbé e fún mi ò wọ̀n mí wò kó tó gbé e fún mi.

Mo máa sọ fún ọ̀gá sítọ̀ pé kó gbàgbé ọ̀rọ̀ náà. Ọgbọ̀n ọdún ni mo ti fi ń ru ọṣẹ, ó ṣeé ṣe kí n tún rù ú fún ọdún mẹ́wàá sí i. Máa jẹun dáadáa.

Ìyá rẹ.


Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, oṣù kẹta

Ọmọ mi,

Má ya ẹnu. Bàbá rẹ ló ń kọ̀wé yìí. Èmi fúnra mi ni màá gbé e lọ sílé ìfìwéránṣẹ́, ìyá rẹ rò pé ìṣó ni mo fẹ́ lọ rà.

Lọ́dún méjìdínlọ́gbọ̀n sẹ́yìn, ìwọ ṣì ń rá kòrò nígbà náà, ìyá rẹ gbé ẹ lọ sọ́dọ̀ àwọn òbí rẹ̀ fún ọjọ́ márùn-ún. Òrùlé wa ń jò. Mo fẹ́ yọ́ ọ̀dà tí màá fi dí ihò náà, n kò rí nǹkan tí màá fi yọ́ ọ. Kọ́ọ̀bù yẹn ló wà nítòsí. Mo gbé e kaná, mo lọ yá àkàbà, mo bá alákàbà sọ̀rọ̀ díẹ̀. O mọ̀ mí. Nígbà tí mo máa fi padà dé, òrùlé ṣì ń jò, ìdí kọ́ọ̀bù náà sì ti lu.

Mo sáré gbé e lọ sọ́dọ̀ ajórin. Ó ní òun lè gé ìdí rẹ̀ sọ nù kí òun fi tuntun sí i. Mo ní kò jẹ́ dán an wò, orúkọ páìntì wà níbẹ̀, ìyàwó mi máa wá a. Ó bá gé irin pẹlẹbẹ kan, ó fi í sínú, ó gbé e ga díẹ̀ ju ìdí àkọ́kọ́ lọ, ó jó o mọ́ ọn yíká, ó sì fi òjé bo ojú ihò náà níta. Mo fi yanrìn fọ̀ ọ́ títí ó fi ń dán. Ìyá mi ṣì wà láyé nígbà yẹn. N kò mọ èwo nínú àwọn méjèèjì ni mo máa kọ́kọ́ sá fún, mo bá dákẹ́.

Ohun tó wá dí mi lẹ́nu pátápátá nìyí. Kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀, ọṣẹ ìyá rẹ máa ń ta èèyàn lọ́wọ́ díẹ̀, bíi ti ìyá mi gan-an. Àwọn oníbàárà kàn ń fara dà á ni. Ọṣẹ àkọ́kọ́ tó sè nígbà tó dé, gbogbo àdúgbò ló yìn ín. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń wá a wá sílé. Inú rẹ̀ dùn, ó ní ọwọ́ òun ti mọ iṣẹ́ wàyí. Báwo ni mo ṣe máa la ẹnu sọ fún un pé kì í ṣe ọwọ́, ihò ni?

Lánàá tó lọ ta ọṣẹ, mo bu omi kún kọ́ọ̀bù, mo dà á sínú jọ́ọ̀gì rẹ. 490 ló dé. Mo ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta, 490 ló ń sọ. Bá mi ṣírò rẹ̀ kí o fi ránṣẹ́ sí i, ṣùgbọ́n má sọ ẹni tó wọ̀n ọ́n. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a. Tèmi ti lo méjìdínlọ́gbọ̀n, ó ti rẹ̀ ẹ́.

Bàbá rẹ.

Ọwọ́ mi ti sàn. Má sọ ìyẹn náà fún un.


Ọjọ́ keje, oṣù kẹrin

Bàámi,

Mo rẹ́rìn-ín, mo tún bínú, mo tún rẹ́rìn-ín. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta.

490 lọ́nà méje jẹ́ 3,430, ìyẹn lítà mẹ́ta àti 430 lé. Ó fi ju ààbọ̀ lítà lọ dín sí èyí tí mo kọ́kọ́ kọ. Abájọ tí ẹ fi sáré.

Ṣùgbọ́n n kò ní kọ ọ́ sí Màámi. Bí mo bá fi nọ́ńbà yìí ránṣẹ́ láìsọ ìdí rẹ̀, wọ́n á rò pé mo ti gbà pé mo ṣìṣe, n kò sì ṣìṣe. Mo fẹ́ kí wọ́n rí iṣẹ́ yẹn gbà ju kí n jàre lọ. Mo fẹ́ jàre náà, Bàámi. Ẹ̀yin lẹ máa sọ ọ́. Ẹ jẹ́ kí wọ́n jẹun tán ná, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ má sì jẹ́ kó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, torí oṣù ti ń lọ.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n, oṣù kẹrin

Ọmọ mi àtàtà,

Ṣé ara le? Ṣé ọ̀gá rẹ ti tún rẹ́rìn-ín? Bá mi kí i, kí o sì sọ fún un pé mo gbọ́ nípa bisikíìtì.

Bàbá rẹ sọ ọ́ fún mi. Lẹ́yìn oúnjẹ ni, ìwé rẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan sì ti wà níta ẹnu ọ̀nà. Ó ní kí n jókòó. Mo ní mo ti jókòó. Ó ní kí n tún ìjókòó ṣe. Ó wá bẹ̀rẹ̀ láti orí òjò. Nígbà tó dé ibi ọ̀dà, mo dìde, mo mú kọ́ọ̀bù, mo fi ìka kan sínú, mo fi ìkejì sábẹ́. Ìdí inú àti ìdí ìta ò pàdé. Ọgbọ̀n ọdún ni mo ti ń fọ nǹkan yẹn, n kò fura rí.

N kò bá a sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ méjì. Kì í ṣe tìtorí ihò. Ó dùn mí pé mo ti ń sọ fún gbogbo ayé pé ọwọ́ mi ló mú ọṣẹ rọ̀, òun náà á jókòó síbẹ̀, á máa ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo lọ sínú ṣẹ́ẹ̀dì, mo sunkún díẹ̀. Lọ́jọ́ kẹta, mo wá rò ó pé ta ló ń se é ní gbogbo ọdún wọ̀nyí tí kò yàtọ̀ rí? Ihò ò lè ro ọṣẹ. Ẹ̀rín bá pa mí. Bàbá rẹ gbọ́ ọ láti ìta, ó yọjú pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó béèrè bóyá oúnjẹ wà.

Mo fi jọ́ọ̀gì rẹ wọn lítà mẹ́ta àti 430. Ọṣẹ náà jáde, ó rọ̀ bó ṣe máa ń rọ̀. Mo fi fọwọ́, aránṣọ tó wà ní òdìkejì fi fọwọ́, bàbá rẹ wò wá láti ọ̀nà jíjìn. A dúpẹ́ pé n kò tíì lọ sọ fún ọ̀gá sítọ̀ pé kó gbàgbé ọ̀rọ̀ náà, mo bá gbé kẹ́ẹ̀gì méjì lọ. Mátírọ́ọ̀nù wọn fọwọ́ níṣojú mi, ó tún fọ̀ ọ́, ó na ìka síwájú fèrèsé, ó wò ó. Àwọn tó ń fọ aṣọ ìbùsùn lò ó fún ọ̀sẹ̀ kan. Lánàá ni wọ́n ránṣẹ́ pè mí. Wọ́n gbà á, ọmọ mi! Wọ́n gbà á! Láti oṣù tó ń bọ̀, ọkọ̀ wọn á máa wá gbé e nílé.

Ọ̀gá sítọ̀ mú ìwé, ó ń kọ ọ́ sínú ìwé ńlá wọn. Nígbà tó dé orí kọ́sítìkì, ó ní 430 yìí ò rọrùn, ṣé kí òun má kúkú sọ ọ́ di lítà mẹ́ta àbọ̀. Mo ní rárá. Ó ní kí ló dé. Mo ní ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n la fi wá a. Ó wò mí, ó kọ ọ́ bí mo ṣe pè é.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan. Wọ́n ní ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Òwe yẹn ti wà lẹ́nu mi tipẹ́, n kò fi í sílò fún ẹ. Ìwọ lo tọ̀nà, èmi ni mo ṣìṣe. Mo bá ẹ wí lórí ohun tí o ò ṣe, mo sì mú ẹ sunkún níbi tí n kò ti lè nu ojú rẹ nù. Má bínú sí mi.

Wọ́n ní kí n buwọ́ lu ìsàlẹ̀ ìwé ìwọ̀n náà. Mo kọ orúkọ mi. Mo wá kọ tìrẹ sábẹ́ rẹ̀, gbogbo rẹ̀ pátá, bí a ṣe sọ ọ́ lọ́jọ́ ìkómọ. Ọ̀gá sítọ̀ béèrè pé ta nìyí. Mo ní ẹni tó bá mi wọ̀n ọ́n ni.

Èmi ni ìyá rẹ.